Ìjókòó Ẹ̀yìn Máṣíìnì Ọkọ Mi

Ní ọdún tí ọmọ wa kejì wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìjókòó tuntun fún máṣíìnì rẹ̀. Ìrókò là ń gbé nígbà náà. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta, òun sì ń bá ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa gbé igi pákí tuntun àti irúgbìn àgbàdo lọ fún àwọn àgbẹ̀ lábúlé, kó sì tún máa padà lọ wò ó bó ṣe ń ṣe. Ibi iṣẹ́ ló fún un ní máṣíìnì náà. Àwọn àgbẹ̀ kì í pe orúkọ rẹ̀. Ágíríkì ni gbogbo wọn ń pè é.

Ìjókòó máṣíìnì yẹn ti gbó lóòótọ́. Awọ rẹ̀ ti ya láàárín, tìmùtìmù inú rẹ̀ sì ti yọ síta bí òwú tó là. Bí òjò bá rọ̀ lánàá, ẹni tó bá jókòó sí i lónìí yóò dìde pẹ̀lú aṣọ tútù nídìí. Mo ti sọ fún un títí pé kó wá awọ tuntun dá a bò. Kò dá mi lóhùn. Ọdún méjì gbáko ló fi ń so ọ̀rá mọ́ ọn. Nígbà tó wá dé lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ pààrọ̀ ìjókòó náà látòkèdélẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ mi ti wọ̀ ọ́ létí nìyẹn.

Àmọ́ ó ní ibi tí òun ń jókòó sí níwájú kò dun òun. Ẹ̀yìn ni òun ń rò.

"Ta ló ń jókòó lẹ́yìn?" ni mo bi í.

"Èèyàn lè fẹ́ jókòó síbẹ̀."

Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti gun máṣíìnì yẹn kẹ́yìn.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, ó gbé pákó kan lé orí àpótí méjì ní ẹ̀yìnkùlé, ó sì kó ègé tìmùtìmù mẹ́ta jáde nínú àpò. Ó ní ọkùnrin kan tó ń rán ìjókòó ní Ọ̀jọ́ọ̀ ló yá òun. Ó ní kí n wá bá òun jókòó wò wọ́n. Àkọ́kọ́ rọ̀ bí búrẹ́dì. Bí mo ṣe jókòó sí i ló rì, ìdí mi kan pákó. Èkejì le débi pé mo rò pé pákó náà ni. Ẹ̀kẹta wà láàárín méjèèjì. Ó wọlé lọ mú aago rẹ̀ wá, ó ní kí n jókòó sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìdajì wákàtí, nítorí ìjókòó tó bá dùn fún ìṣẹ́jú márùn-ún lè di ìyà kéèyàn tó dé ibi tó ń lọ. Mo gbé ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi lé itan, mo ń máàkì, mo ń jókòó. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan yóò wá mi pákó náà jìgìjìgì, yóò ní, "Kòtò nìyẹn. Níbo ló ti dùn ẹ́?"

Kí n má parọ́, orí mi wú. Mo rò pé tìtorí mi ló ṣe ń ṣe é. Mo ti ń ro ibi tí a ó jọ máa lọ, pàápàá ilé ọ̀rẹ́ mi kan ní Ẹ̀gbẹ́dá tó bímọ tuntun, tí mi ò tíì lọ kí. Mo dìde lórí ẹ̀kẹta, mo ní èyí ló dára, kò dùn mí níbì kankan.

Ó mi orí. "Ìwọ lara ẹ le. Bí ìbàdí bá ti ń dun èèyàn tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Bí èèyàn ò bá lè gbé ẹsẹ̀ sókè dáadáa ńkọ́?"

"Èèyàn wo?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó tìmùtìmù rẹ̀ padà sínú àpò. Ó ní òun kàn ń sọ ọ́ ni.

Lọ́jọ́ kejì mo ní kó gbé mi dé Ẹ̀gbẹ́dá tí ìjókòó náà bá ti dé. Ó ní ọ̀nà ibẹ̀ jìn fún máṣíìnì, kí n wọ mọ́tò. Mo wò ó. Ẹni tó fi èèyàn jókòó lórí pákó fún wákàtí kan àtààbọ̀ nítorí ìrìn jíjìn ló ń sọ pé ọ̀nà jìn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ.

Mo ṣàkíyèsí pé Ọjọ́bọ̀ ló máa ń tètè jáde jù. Ọjọ́ mìíràn, yóò jẹun, yóò gbé àwọn ọmọ dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Ní Ọjọ́bọ̀, bó bá ti kírun àárọ̀ tán, ó ti lọ. Mo yẹ inú àpò awọ tó máa ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì wò, mo bá ìborùn funfun kan níbẹ̀, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n sì lọ̀ ọ́. Ó ń run ọṣẹ tí kì í ṣe ọṣẹ ilé wa. Mo bi í. Ó ní òun fi ń nu máṣíìnì. Èmi kò tíì rí ẹni tó ń fi aṣọ lílọ̀ nu máṣíìnì rí láyé mi. Nígbà tí mo sì ń gbálẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo rí i pé ó ti ní kí mẹkáníìkì sọ irin tí ẹni ẹ̀yìn máa ń gbẹ́sẹ̀ lé kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó tó ìka mẹ́ta sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Mo jókòó, mo gbé ẹsẹ̀ mi lé e. Ó jìnnà sí mi. Ẹlòmíì ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún.

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ló wá fi iyọ̀ sí i. Mọ́níyà ló ti máa ń wọ mọ́tò wá sí ilé-ìwé. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, ó ní, "Ẹ̀yin náà lójú o. Mo rí yín lẹ́yìn bàbá àwọn ọmọ yín ní ìkóríta Mọ́níyà láàárọ̀ àná, ẹ fi ìborùn funfun bo gbogbo ara. Mo juwọ́ títí, ẹ ò dá mi lóhùn. Mo sọ pé bóyá ilé ìwòsàn ni wọ́n ń gbé yín lọ, ni mi ò fi wá yín dé kíláàsì yín lánàá."

Ìrókò ni mo wà láàárọ̀ àná. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní eruku ọyẹ́ ni kò jẹ́ kí n rí i.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò kọjú sí ọkọ mi kí n bi í. Ìyá mi, kí wọ́n tó kú, máa ń sọ pé ẹni tó bá béèrè kó tó mọ̀, irọ́ ni wọ́n ó fi sìn ín dé ilé. Ìdí kejì ni pé mi ò ní ilé tí mo lè padà sí. Bàbá mi jẹ́ olùkọ́ àgbà ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi, wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì sí Ìjàyè, níbi tí wọ́n ti ń dáko. Nígbà tí mo mú Mùsùlùmí wá gẹ́gẹ́ bí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́, wọ́n fi í sílẹ̀ lórí ìjókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí oko, wọn ò sì padà títí tó fi lọ. Wọ́n rán ẹ̀gbọ́n mi sí mi pé àwọn ti búra pé ẹsẹ̀ àwọn kò ní tẹ ilé ọkọ mi, àwọn ò sì ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Ó ti di ọdún kẹsàn-án nígbà náà. Gbogbo nǹkan tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn ló ń padà wá. Bí ọkọ tí mo tìtorí rẹ̀ pàdánù bàbá bá wá já mi kulẹ̀, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n dájú kí ẹnikẹ́ni tó bá mi gbọ́.

Ìjókòó náà dé. Ó gùn, ó fẹ̀ lẹ́yìn ju iwájú lọ, wọ́n fi ìfẹ̀yìntì kékeré sí i, wọ́n sì de okùn awọ gbòòrò kan mọ́ àárín rẹ̀ tí èèyàn lè dì mú. Awọ tí wọ́n fi bò ó kì í dán. Ó dà bí aṣọ nípọn, kò gbóná nínú oòrùn. Nígbà tí ọkọ mi ń wẹ̀, mo lọ jókòó sí i. Ó dára ju gbogbo àga tó wà nínú ilé wa lọ. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú.

Ní ìsinmi ìdajì tẹ́ẹ̀mù, mo wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀, mo béèrè títí mo fi rí ọkùnrin tó ń rán ìjókòó náà. Abẹ́ igi máńgòrò ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí ó máa ń kó ìṣó kéékèèké sẹ́nu bó ṣe ń kan awọ mọ́ pákó. Mo kí i, mo ní mo rí ìjókòó kan tó ṣe fún ọ̀gá Ágíríkì kan, mo fẹ́ irú rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ̀gbọ́n yín máa ń gbé èrò rìn jìnnà?" ló bi mí láàárín ìṣó.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó fi ọwọ́ tọ́ka sí àwọn ìjókòó tó so rọ̀. Tòkúnbọ̀ kan wà níbẹ̀ tó dán, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju iwájú lọ bí àtẹ̀gùn. Ó ní èyí rẹwà, àmọ́ bí awakọ̀ bá tẹ bíréékì, ẹni ẹ̀yìn yóò yọ̀ wá bá a. Òmíràn wú bí àga ilé olówó. Ó ní ìyẹn ni gbogbo èèyàn ń rà, kí wọ́n tó dé Ìsẹ́yìn wọ́n á ti máa jókòó lórí irin. Ó ní ìjókòó tó bá rọ̀ jù ló ń pa ìbàdí. Èyí tó le ló yẹ kó wà nísàlẹ̀, kí èyí tó rọ̀ díẹ̀ wà lókè rẹ̀, kí ojú rírán sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí ojú abẹ́rẹ́ tó bá wà lókè ni òjò ń gbà wọlé.

"Ti Ágíríkì yẹn ńkọ́?" ni mo wí.

"Ó pẹ́ kí n tó rí tiwọn ṣe. Àwọn àti ẹni tí wọ́n ń gbé ni wọ́n jọ wá. Ẹni náà ò rọrùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é tí wọ́n ní kí n tú u. Wọ́n ní àkọ́kọ́ le. Wọ́n ní èkejì ń gún àwọn. Wọ́n ní kí n fi ìfẹ̀yìntì sí i. Nígbà tí mo fi í sí i, wọ́n ní kí n sún un sẹ́yìn, kó fẹ̀, kó gùn."

"Ọ̀gá náà ò bínú?"

"Kò bínú o. Ṣe ni ọ̀gá ń sọ pé kí n ṣe é bí wọ́n bá ṣe fẹ́."

Gbogbo ìgbà tó ń sọ nípa ẹni ẹ̀yìn yẹn, "wọ́n" ló ń pè é. Kì í ṣe ọmọdébìnrin nìyẹn. Mo ti ń fojú inú wo ọmọge kan látìgbà tọ́rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mo wá pa ọmọge náà tì, mo fi ìyá ọlọ́jà ńlá kan rọ́pò rẹ̀, tó sanra, tó lówó lọ́wọ́, tí ọkọ mi ń bẹ̀ bí ẹni bẹ ọba. Mo fẹ́ bi í bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ẹnu mi kò gbà á. Ẹni tó wá ra ìjókòó kì í béèrè irú ìyẹn. Oníbàárà mìíràn sì dé, ó tún kó ìṣó sẹ́nu. Mo ní n óò padà wá.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé wa. Ọkọ mi ti jáde ní tirẹ̀. Àkókò tí epo bẹntiróò ṣọ̀wọ́n ni, mọ́tò ò pọ̀. Orí ọkọ̀ akẹ́rù tó kó igi ìdáná ni mo wà dé Mọ́níyà. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ní ìkóríta, mo kọjú sí ọ̀nà Ìjàyè. Mi ò pẹ́ níbẹ̀ tí mo fi rí i. Ó rọra ń bọ̀, ó ń yẹ kòtò, bí ẹni gbé ẹyin. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bo orí, bo èjìká, bo gbogbo ojú pẹ̀lú ìborùn funfun. Ọwọ́ kan di okùn awọ yẹn mú. Ọwọ́ kejì wà lára ọkọ mi.

Wọ́n yà sí ọ̀nà Ìbàdàn. Ó gbà mí tó ogójì ìṣẹ́jú kí n tó rí mọ́tò, nígbà tí mo sì dé Ọ̀jọ́ọ̀ mi ò mọ ibi tí wọ́n gbà. Mo rántí ọkùnrin oníjòókòó. Mo lọ bá a, mo ní mo ń wá ọ̀gá Ágíríkì, iṣẹ́ pàjáwìrì ni. Ó tú ìṣó sọ́wọ́. Ó ní ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ilé ìwòsàn ojú ni wọ́n máa ń lọ.

Mi ò retí ìyẹn. Ọ̀nà ibẹ̀ ni mo fi ń tún ìtàn náà tò: obìnrin náà ń ṣàìsàn ojú, ọkọ mi ló ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo rí máṣíìnì náà lábẹ́ igi nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Mo dúró tì í. Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, mo ti tò ó lẹ́sẹẹsẹ bí olùkọ́.

Ó tó wákàtí méjì kí wọ́n tó jáde. Ọkọ mi ló ń bọ̀ níwájú, ó ń rìn sẹ́yìn-sẹ́yìn, ó di ọwọ́ ẹni náà méjèèjì mú, ó ń sọ pé, "Àtẹ̀gùn kan ló kù, Bàbá. Ó tán." Wọ́n ti ká ìborùn náà sí èjìká. Ọkùnrin arúgbó kan ni, ó ga, ó tẹ̀ díẹ̀ ní ìbàdí, wọ́n fi báńdéèjì bo ojú rẹ̀ ọ̀tún, ojú òsì sì ń ṣomi.

Bàbá mi ni.

Gbogbo ohun tí mo tò lẹ́sẹẹsẹ fò lọ. Orúnkún mi fẹ́ kanlẹ̀ fúnra rẹ̀ láti kí wọn. Ọkọ mi rí mi. Ẹ̀rù bà á gidi, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ṣáà mi orí, ó fi ìka kan ẹnu: kí n má sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá, olùkọ́ kan ló dúró síbí yìí, ará Ìrókò ni. Kò rí mọ́tò padà. Bóyá kí a gbé e dé Mọ́níyà."

Bàbá mi yí ojú òsì sí ọ̀dọ̀ mi. Bóyá òjìji lásán ni wọ́n rí. "Ìjókòó náà gùn tó," ni wọ́n wí. "Kó gùn ún."

Bẹ́ẹ̀ ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe gun máṣíìnì kan ṣoṣo. Ọkọ mi wà níwájú, bàbá mi wà láàárín, èmi wà lẹ́yìn wọn, ìfẹ̀yìntì kékeré yẹn ń tì mí lẹ́yìn. Mo ní láti di bàbá mi mú kí n má bàa ṣubú. Ọdún kẹsàn-án tí mo ti fọwọ́ kàn wọ́n kẹ́yìn nìyẹn. Wọ́n ti rù. Mo ń gbọ́ òórùn ọṣẹ tí mo rò pé ti àlè ni. Ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi ń fọṣọ ní Ìjàyè ni. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ kan, nítorí mo mọ̀ pé bí wọ́n bá gbọ́ ohùn mi, wọn yóò ní kí ọkọ mi dúró, wọn yóò sì fẹsẹ̀ rìn lọ pẹ̀lú ojú kan tí kò ríran. A kọjá Ọ̀jọ́ọ̀. Omi ń bọ́ lójú mi, atẹ́gùn ń gbá a lọ sẹ́yìn.

Ní ìkóríta Mọ́níyà, ọkọ mi dúró pé kí n sọ̀ kalẹ̀. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nígbà tí bàbá mi sọ̀rọ̀. Wọn ò yíjú.

"Olùkọ́ yìí ò sọ̀rọ̀ láti ilé ìwòsàn. Nígbà tó wà ní kékeré, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ágíríkì, máa lọ. Kó bá wa dé ilé."

Àwọn èèyàn ìkóríta ń wò wá. Nígbà tó yá, mo gbé ẹsẹ̀ mi padà, a sì gba ọ̀nà Ìjàyè.

Nígbà tí a dé, ọkọ mi ní òun fẹ́ lọ wo pákí ẹnì kan, ó sì fi wá sílẹ̀. Mo mọ̀ pé kò sí pákí tó ń lọ wò. Mo kúnlẹ̀, mo sì kí wọn wàyí. Wọ́n ní kí n dìde, kí n bu omi wá. Lẹ́yìn tí wọ́n mu ún, mo bi wọ́n pé láti ìgbà wo ni wọ́n ti mọ ẹni tó ń gbé wọn.

"Láti ọjọ́ kìíní."

Wọ́n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń na ọwọ́ sí mọ́tò kan pé kó gbé àwọn lọ sí Ìbàdàn, mọ́tò náà ò sì dá wọn lóhùn. Máṣíìnì kan dúró. Ẹni tó wà lórí rẹ̀ ní, "Bàbá, mọ́tò yẹn ti kú látìjẹta, kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀." Wọ́n dá ohùn náà mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ti gbọ́ ọ rí, lọ́jọ́ tó wá tọrọ mi, tó ń kí wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Àmọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n ṣe, wọn kì í gbàgbé ohùn.

"Mo gùn ún," ni wọ́n wí, "mo sì ní kí n mọ ohun tó ń wá. Kò sí ẹni tí wọ́n ṣe bí mo ṣe ṣe é tí kò ní wá nǹkan. Mo rò pé ilẹ̀ ni. Mo tún rò pé ó fẹ́ kí gbogbo ìlú rí i pé òun ló ń gbé mi kiri. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo ń retí kó sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Ó ń pe ara rẹ̀ ní Ágíríkì lásán, bí ẹni pé mi ò mọ̀ ọ́n."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fín in níràn. Mo ní ìjókòó rẹ̀ ń pa mí nídìí. Mo ní ká wo bóyá yóò sú u. Ó kó tìmùtìmù wá, ó kó òmíràn wá. Mo kọ̀ ọ́. Ó mú mi lọ bá ẹni tó ń rán an, mo kọ mẹ́ta níbẹ̀. Ìjókòó àkọ́kọ́ yẹn ò burú tó bẹ́ẹ̀." Wọ́n fi etí ìborùn nu ojú òsì. "Kò sú u. Ara mi ló wá sú mi."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un pé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Bí mo bá sọ ọ́, mo ní láti sọ̀ kalẹ̀. Mo ti búra."

Mo padà sí Ìrókò nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn máṣíìnì ọkọ mi. Nígbà tí àwọn ọmọ ń jẹun, mo bá a wí. Mi ò tíì dúpẹ́, ìbínú ló kọ́kọ́ wá. Mo ní bàbá mi ń fọ́jú, oṣù mẹ́rin ló sì fi mọ̀ ọ́n tí èmi ò mọ̀. Ó ní bí òun bá sọ fún mi, ọjọ́ kejì ni n óò wà ní Ìjàyè, bàbá ò sì ní gun máṣíìnì òun mọ́, dókítà sì ti sọ pé ojú náà kò lè dúró. Òótọ́ ni. Àmọ́ mo sọ fún un pé mo ti lọ bá ẹni tó rán ìjókòó, mo ti jókòó ní ìkóríta bí olè, mo ti fẹ́ obìnrin méjì fún un nínú ọkàn mi.

"Méjì?" ló wí.

Mi ò rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí n tó lè rẹ́rìn-ín sí i. Ọ̀rọ̀ náà kọ́ mi ní ohun kan tí kò dùn mọ́ mi: ọkọ mi mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pamọ́. Oore ló fi pamọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Síbẹ̀, fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, bó bá ti dákẹ́ jù, mo máa ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ojú òsì bàbá mi yè. Ojú ọ̀tún kò ríran mọ́. Àwọn oníṣègùn ní Bàbá pẹ́ kí wọ́n tó wá, ẹ̀bi ìyẹn kò sì sí lọ́rùn ẹni tó gbé wọn wá. Bàbá mi ò tètè tẹ ilé wa. Èmi ló ń lọ sí Ìjàyè pẹ̀lú àwọn ọmọ, títí di ìgbà iṣu tuntun ọdún kejì, tí wọ́n bá mọ́tò wá fúnra wọn láìránṣẹ́, pẹ̀lú iṣu mẹ́fà nínú àpò. Wọ́n dúró ní iwájú ilé fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ mi kékeré ló lọ gba àpò náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì tẹ̀lé e wọlé.

Jímọ́ọ̀ ni ọjọ́ kejì. Ọkọ mi wọ aṣọ, ó lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo gún iyán, mo gbé e síwájú bàbá mi lórí tábìlì, mo bu omi tí wọn ó fi fọwọ́. Wọ́n wo àga tó wà lódìkejì, wọ́n ní kí n dé oúnjẹ náà, kí ó má tutù, àwọn ṣì ń dúró de ẹnì kan.